Rọ́bà Tó Di Gíláàsì Mọ́tò Mú

Òjò ló máa ń tú àṣírí rọ́bà gíláàsì mọ́tò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sẹ́ni tó ń rántí pé rọ́bà kan wà níbẹ̀. Awakọ̀ á máa lọ, á máa bọ̀, á fi àkísà nu gíláàsì rẹ̀, á fọn fèrè, ó parí. Ṣùgbọ́n tó bá ti di oṣù Okúdù, tí òjò bá wá ya lu ọkọ̀ láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó, sórí orúnkún ẹni tó jókòó síwájú. Àwọn àgbà ní òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì wọ mọ́tò tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó ni. Nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹni tó sá pamọ́ gan-an leji ń wá kàn.

Rọ́bà tí mo ń wí ni èyí tó yí gíláàsì iwájú ká, dúdú minimini, tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ìka lọ, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní rọ́bà wínskíríìnì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun nìkan ló di gíláàsì mú lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ mọ́tò ayé. Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí nọ́ọ̀tì, kò sí gọ́ọ̀mù. Ohun tó sì yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ẹ̀yà ara mọ́tò ni pé onímọ́tò fúnra rẹ̀ lè pààrọ̀ rẹ̀ ní iwájú ilé. Ohun tó nílò kò ju ẹnì kan tí yóò bá a dì í mú, okùn kan tó ń yọ̀, àti omi ọṣẹ. Bí agbára yẹn ṣe dé ọwọ́ onímọ́tò, àti bí ó ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn tó yẹ ní gbígbọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí gíláàsì kò tilẹ̀ sí. Mọ́tò tí Karl Benz gba ìwé àṣẹ lé lórí ní Jámánì ní 1886 kò ní gíláàsì iwájú. Kí ni ì bá fi ṣe? Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ẹṣin tó bá sì mọ eré sá díẹ̀ á kọjá lára rẹ̀. Ìgbà tí eré mọ́tò wá ń le sí i ni ojú awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí màbo: eruku, òjò, kòkòrò, òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn olówó ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà a máa de awò ńlá mọ́jú, wọn a sì wọ ẹ̀wù awọ bí ẹni tó ń lọ ogun. Ní ilẹ̀ tiwa, ọdún 1906 ni wọ́n la ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ọ̀nà eruku ni. Ẹni tó bá ti rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé gíláàsì iwájú kì í ṣe fàájì.

Síbẹ̀, àfikún ni gíláàsì jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ ló ń rà á. Nígbà tó fi máa di ayé mọ́tò Ford Model T, tó jáde ní 1908, gíláàsì náà ti di pẹlẹbẹ méjì nínú férémù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Tí ẹrẹ̀ bá bo ti òkè, awakọ̀ á ṣẹ́ ẹ wálẹ̀, á sì máa fi ojú lásán wo ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ bí káfíńtà ṣe ń fi gíláàsì sí fèrèsé ilé, ó ti mọ bí tọ̀hún náà ṣe rí.

Ìjàǹbá ibẹ̀ ni pé gíláàsì fèrèsé náà ni lóòótọ́. Tí mọ́tò bá forí sọ igi, gíláàsì yẹn á fọ́ sí ṣóńṣó ṣóńṣó bí ọ̀bẹ, ojú àti ọrùn èèyàn ló sì máa ń bá. Ní 1903, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Édouard Bénédictus wà nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ìgò kan sì já bọ́ sílẹ̀. Ìgò náà sán, ṣùgbọ́n kò fọ́n ká. Oògùn olómi kan ló ti gbẹ mọ́ inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì di awọ fẹ́ẹ́rẹ́ tó so àwọn èérún rẹ̀ pọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti gbà á rò pé bí wọ́n bá fi irú awọ bẹ́ẹ̀ sáàárín gíláàsì méjì, kò ní í pa èèyàn lára tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1909. Nígbà tí Ford gbé Model A jáde ní ìparí 1927, irú gíláàsì oníbejì yìí ló wà níwájú rẹ̀. Ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì wọ́n. Gíláàsì olówó iyebíye bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi ìṣó kàn mọ́ irin.

Ibi tí rọ́bà ti wọlé nìyí, òun náà sì ní ìtàn tirẹ̀ tó kan àwa gan-an. Oje igi ni rọ́bà, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé bí oòrùn bá mú un, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí òtútù bá mú un, á le gbagidi. Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ló rí i ní 1839 pé bí èèyàn bá po imí ọjọ́ mọ́ ọn tí ó sì fi iná sí i, kò ní í lẹ̀ mọ́, kò sì ní í le mọ́. Bí a bá fà á, á padà síbi tó wà. Ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1844. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Hancock náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lásìkò kan náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ William Brockedon ló sì fún iṣẹ́ náà lórúkọ. Ó fi orúkọ Vulcan pè é, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù àtijọ́, irú Ògún tiwọn. Orúkọ náà ni ọ̀gbẹ́ni tó ń lẹ taya létí títì wa ń jẹ́ títí dòní: fọkanáísà. Ọmọ Ògún ni, ó mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ ọ́n.

Igbó Yorùbá náà ti fi rọ́bà ránṣẹ́ sí ayé rí. Igi ìrẹ́ ni wọ́n ń kọ lára tí oje rẹ̀ ń jáde. Nígbà tí taya afẹ́fẹ́ tí Dunlop ṣe ní 1888 sọ kẹ̀kẹ́ di ohun tí gbogbo ayé ń wá, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà káàkiri, àwọn èèyàn sì ya wọ inú igbó wa. Ní 1895, rọ́bà tó gba èbúté Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù 5 ìwọ̀n pọ́ọ̀n. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ igi náà ní ìkọkúkọ. Wọ́n ń fa oje rẹ̀ gbẹ títí igi á fi kú. Láàárín ọdún mélòó kan, òwò náà ti wó lulẹ̀. Rọ́bà tó wá gbòde lẹ́yìn rẹ̀ ni ti igi ilẹ̀ Brazil, èyí tí Henry Wickham kó èso rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1876, tí wọ́n sì gbìn káàkiri ilẹ̀ Éṣíà. Nítorí náà, mi ò sọ pé ìrẹ́ ló wà lára gíláàsì Fọ́kísì o. Nígbà tí àkókò rọ́bà gíláàsì fi máa dé, ìrẹ́ ti kúrò lágbo.

Àkókò yẹn dé ní nǹkan bí 1930 lọ sókè, nígbà tí ara mọ́tò kúrò ní igi tó di irin látòkèdélẹ̀. Irin tí wọ́n tẹ̀ nínú ẹ̀rọ ni, òun náà a sì máa lọ́. Bí ọkọ̀ bá gun gegele lẹ́sẹ̀ kan, òrùlé rẹ̀ á yí díẹ̀, kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n ó ń yí. Gíláàsì ní tirẹ̀ kì í yí. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe kò ju kó dúró tàbí kó fọ́ lọ. Bí ẹ bá fi gíláàsì kan irin ní tààràtà, ìjà ni. Rọ́bà ni alárinà wọn. Tí ẹ bá gé rọ́bà náà ní ìbú, ẹ ó rí i pé ó dà bí lẹ́tà H: ó ní ẹnu kan tó gbé gíláàsì jẹ, ó ní ẹnu kejì tó gbé etí irin jẹ. Bí irin ṣe ń lọ́, rọ́bà á gbà á mọ́ra, gíláàsì ò sì ní í gbọ́ nǹkan kan. Kódà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gíláàsì kọrọdọ, bí irú èyí tí Chrysler fi sí mọ́tò Airflow rẹ̀ tó gbówó lórí jù ní 1934, rọ́bà lè bá a tẹ̀ síbi tó bá tẹ̀ sí.

Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ tó kọ́ wa ní rọ́bà gíláàsì dunjú ni Fọ́kísì, èyí tí àwọn èèyàn wa sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí kùbẹ̀tẹ̀. Gíláàsì iwájú rẹ̀ kéré, ó sì pẹlẹbẹ. Títí di 1964, kò tẹ̀ rárá. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n mú un tóbi sí i, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Fọ́kísì pọ̀ ní ilé iṣẹ́ tó wà lọ́nà Badagry ní Èkó. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó pọ̀ ní Kàdúná. Ẹni tó bá ti dàgbà nígbà náà á rántí owó Údójì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹmọ́nú tí wọn kò gba irú rẹ̀ rí, ẹni tí bàbá rẹ̀ kò ní kẹ̀kẹ́ rí sì di onímọ́tò. Ìjàpá, Pijó 504, Kómbì tó di dánfó, àní Igala tí wọ́n ń kó ẹ̀yà ara rẹ̀ wá láti Brazil, gbogbo wọn pátá, rọ́bà ló di gíláàsì wọn mú.

Iṣẹ́ kò sì wọ́n fún rọ́bà náà. Ọ̀pọ̀ gíláàsì iwájú ìgbà yẹn kì í ṣe oníbejì bíi ti Bénédictus. Gíláàsì kan ṣoṣo ni, tí wọ́n fi iná mú le. Bí òkúta bá fò láti ẹsẹ̀ tírélà iwájú tó sì bà á, gbogbo rẹ̀ á funfun lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni da àgbàdo sójú, awakọ̀ ò ní í rí ọ̀nà mọ́, àfi kó fi ìkúùkù lu ihò sí i. Lọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, a máa rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ létí ọ̀nà, awakọ̀ á máa fi ìgbálẹ̀ gbá èérún kúrò lórí ìjókòó. Gíláàsì á ti lọ, ṣùgbọ́n bí rọ́bà bá ṣì dáa, ìdajì iṣẹ́ ti wà nílẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ń ṣe é nílé. Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì wọn kì í ṣe kékeré, ìwé tó ń kọ́ onímọ́tò bí yóò ṣe tún mọ́tò rẹ̀ ṣe sì tà lọ́wọ́ wọn bí àkàrà. Ìwé àkọ́kọ́ nínú èyí tí John Haynes ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1966. Ní Amẹ́ríkà, John Muir gbé tirẹ̀ lórí Fọ́kísì jáde ní 1969, ó sì kọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì di sípánà mú rí. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ojú la fi ń kọ́ ọ, lábẹ́ igi máńgòrò, lọ́dọ̀ àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà. Ohun kan náà ni wọ́n sì ń ṣe nílé àti lóko.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Ẹni méjì niṣẹ́ náà, ẹnì kan kò lè dá a ṣe bó ti wù kó lágbára tó. Wọ́n á kọ́kọ́ tú wáípà kúrò. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé rọ́bà àtijọ́ kò wúlò mọ́, wọn kò ní í bá a jà. Abẹ ni wọ́n á fi gé ètè rẹ̀ tó wà níta yí po. Ẹni tó wà nínú mọ́tò á wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti gíláàsì jẹ́jẹ́ láti igun òkè, ẹni tó wà níta á gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ẹ kíyè sí i pé mi ò dárúkọ sùkúrúdíráfà. Ọ̀pọ̀ gíláàsì ni sùkúrúdíráfà ti pa. Àárín gíláàsì lè fara da ìkúùkù, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà: bí irin bá kan án níbẹ̀ péré, ó tán.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wo etí irin. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú, ibí yìí gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Rọ́bà tó gbó máa ń mu omi pamọ́ sábẹ́ ètè rẹ̀, oṣù lórí oṣù, irin á sì máa jẹ níbi tójú kò tó. Ẹni tó rò pé rọ́bà nìkan lòun fẹ́ pààrọ̀ lè wá rí i pé etí irin ti dógùn-ún dé ibi tí ìka lè wọ̀. Bí ìpẹtà náà kò bá tíì jinlẹ̀, wọ́n á fi sáńpépà ha á títí irin á fi dán, wọ́n á kun práímà, wọ́n á kun ọ̀dà lé e, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Bó bá ti dihò, kò sí rọ́bà tuntun láyé tó lè dá omi dúró níbẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà ló kàn, pẹ̀lú iná àti irin tuntun.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n á sá rọ́bà tuntun sóòrùn kó lè rọ̀. Àwọn ìwé òyìnbó á ní kí wọ́n rì í sínú omi gbígbóná. Oòrùn Èkó ń ṣe tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n á gbé gíláàsì lé e, wọ́n á sì fi rọ́bà wọ̀ ọ́, igun ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ní ọ̀já irin dídán tó ń yí gíláàsì ká, bí àwọn Ìjàpá kan ṣe ní in, ìsinsìnyí ni wọ́n á fi sínú rọ́bà, kí gíláàsì tó dé ara mọ́tò. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ dìgbà tí gíláàsì ti wọlé á làágùn.

Okùn ló wá kàn. Irú èyí tí wọ́n ń sá aṣọ sí ló dáa, náílọ́ọ̀nù tó ń yọ̀. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ẹnu kejì rọ́bà, ẹnu tó fẹ́ gbé irin jẹ, á yí po títí orí rẹ̀ méjèèjì á fi kọjá ara wọn láàárín ìsàlẹ̀, tí á sì kù díẹ̀ tó ń fì sínú ọkọ̀. Wọ́n á pa omi ọṣẹ sára irin àti sára ètè rọ́bà. Ọṣẹ ni mo wí o, kì í ṣe gíríìsì, kì í ṣe ọ́ìlì. Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì ṣe é nítorí ó ń yọ̀ jù, ṣùgbọ́n ọ́ìlì máa ń mú rọ́bà wú, á sì sọ ọ́ di jọ̀bọ̀tọ̀. Omi ọṣẹ á gbẹ lọ, kò ní í ṣe é ní nǹkan kan.

Wọ́n á wá gbé gíláàsì náà láti ìta, wọ́n á jókòó ìsàlẹ̀ rẹ̀ sórí irin. Ẹni ìta á máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹni inú á di orí okùn kan mú, á máa fà á wá sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí okùn ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ètè rọ́bà á máa fò kọjá etí irin, pọ́, pọ́, pọ́, á sì máa gbé e jẹ. Àárín ìsàlẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Á fa apá kan dé igun, á padà fa apá kejì, á gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, òkè láàárín ni okùn á ti jáde tán. Ẹni ìta gbọ́dọ̀ máa tẹ ibi tí okùn bá dé gan-an. Bí igun kan bá ṣorí kunkun, wọn kì í lù ú; wọ́n á fi omi ọṣẹ kún un, wọ́n á tún un ṣe. Bí kò bá sí ìjàǹbá, okùn náà kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àwọn ọmọdé àdúgbò tó pé jọ láti wòran á rò pé idán ni wọ́n pa.

Dídán an wò náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹnì kan á jókòó sínú ọkọ̀, ẹnì kejì á máa da omi sí i, ìsàlẹ̀ ni á sì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó máa gòkè. Bí ó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì ní í mọ ibi tó ti wọlé.

Bí èyí ṣe rọrùn tó yìí, ó yani lẹ́nu iye ọkọ̀ tí wọ́n kàn lẹ ẹnu rọ́bà rẹ̀ pa. Àwọn kan á fi kóólútà kùn ún, àwọn kan á fi pọ́tì káfíńtà dí i, àwọn kan á tọ́ gọ́ọ̀mù sí i yíká. Mo mọ̀ pé àìsówó ló fà á nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi pamọ́ yẹn, irin ló ń san án. Omi tó ti wà nísàlẹ̀ kò ní í rọ́nà jáde mọ́. Á jókòó síbẹ̀ máa jẹ irin lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Mo ti rí dánfó tí kóólútà pọ̀ létí gíláàsì rẹ̀ ju ti ojú títì tó ń rìn lọ.

Àléébù rọ́bà náà ò ṣeé fi pamọ́. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń pa á. Á bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́wẹ́ bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀, á le, á sún kì, igun á sì ya. Láti bí 1960 lọ sókè ni irú rọ́bà mìíràn ti ń jáde láti inú epo rọ̀bì, tó ń fara da oòrùn ju ti igi lọ. Èyí mú ẹ̀mí rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n kò yanjú àléébù ńlá kejì: nínú ìjàǹbá, gíláàsì tí rọ́bà nìkan dì mú lè ṣí kúrò lódindi. Ohun tó mú kí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn méjì lè fi í sí i, òun náà ló mú kí orí ẹni tó forí sọ ọ́ lè tì í jáde, kí olórí sì bá a jáde. Nígbà tí bẹ́líìtì ìjókòó kò wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gba ojú gíláàsì bọ́ sórí títì.

Ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dè é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970, mọ́tò tuntun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè di èyí tó pọ̀ jù nínú etí gíláàsì rẹ̀ mú bí wọ́n bá fi eré tó tó máìlì 30 ní wákàtí kan kọlu ògiri. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀mù dán an wò ṣáájú ìgbà náà. Gọ́ọ̀mù wá di ìlànà, ó gba Amẹ́ríkà, ó gba Yúróòpù àti Japan díẹ̀díẹ̀. Tòkunbọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilẹ̀ wa rẹpẹtẹ ní ìparí ọdún 1980 síwájú ló kó o wọlé fún wa. Awakọ̀ tó ti mọ Ìjàpá á wo etí gíláàsì, kò ní í rí ètè rọ́bà tó lè fi ìka gbé.

Àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n lè máa jẹ wá lówó ni wọ́n ṣe yọ rọ́bà kúrò. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Òótọ́ ni pé gọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ kíá nílé iṣẹ́ wọn, òótọ́ sì ni pé onímọ́tò ló ń san owó rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún gíláàsì níṣẹ́ mìíràn. Nígbà ayé rọ́bà, àlejò ni gíláàsì jẹ́ lára mọ́tò. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọkọ̀ ò mọ̀. Ní báyìí, ó ti di ara ọ̀wọ̀n ilé. Ó ń bá òrùlé gbé ẹrù bí ọkọ̀ bá yí gbirigbiri. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde níwájú ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún, ara gíláàsì yẹn ló ń fẹ̀yìn tì kó tó lè gba èèyàn mú. Bí gọ́ọ̀mù kò bá mú un dáadáa, tàbí tí wọ́n wa ọkọ̀ kó tó gbẹ, àpò náà á ti gíláàsì jáde, òun àti ẹni tó yẹ kó gbà là á sì dìjọ lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi okùn àti omi ọṣẹ bá ọkọ̀ ayé òde òní ṣeré ní iwájú ilé. Ẹni tó mọ gọ́ọ̀mù náà, tó mọ bí wọ́n ṣe ń pèsè ojú irin sílẹ̀ fún un, tó sì ní sùúrù kó gbẹ, ló ni iṣẹ́ yẹn.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ gíláàsì létí ọ̀nà ló mọ èyí. Ọ̀pọ̀ ṣì ń ṣe é bí ẹni ń ṣe rọ́bà: kí omi má sáà ti jò, ó ti tó. Nígbà tó jẹ́ rọ́bà, ẹni tó bá ṣe é láìdáa, orúnkún ló máa tutù. Ní báyìí, ọkọ̀ náà á dúró bí ọkọ̀ tó dáa, òjò á rọ̀ sí i kò ní í jò, kò sì sí bí onímọ́tò ṣe lè fi omi dán an wò kó mọ̀ bóyá yóò mú lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Rọ́bà ò tíì ré kọjá lọ pátápátá. Lọ́rí Mercedes 911 tó ń ru yanrìn káàkiri ilẹ̀ wa, rọ́bà ló di gíláàsì rẹ̀ mú, awakọ̀ rẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì lè fi okùn dá a padà láàárọ̀ kan. Ìjàpá tó kẹ́yìn jáde ní Puebla, ní Mexico, ní ọjọ́ 30 oṣù Agẹmọ, 2003. Kómbì pẹ́ jù ú lọ. Ní Brazil, wọ́n ń ṣe é títí di ìparí 2013, òfin tó ní gbogbo mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ ní àpò afẹ́fẹ́ láti 2014 ló sì pa á, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe lè fi í sí i. Èyí tó jáde kẹ́yìn nílé iṣẹ́ wọn ní São Bernardo do Campo ṣì ní rọ́bà dúdú tó yí gíláàsì iwájú rẹ̀ ká, bíi dánfó tó gbé ẹ lọ sí Oṣòdì ní 1978.